Ìgbà tí Mo Rò Pé Táyé Ló Ń Pè Mí

Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Igbó-Ọrà ni mo ti ń sá láfún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo yí ọrùn láti lé ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ náà sì di méjì lójú mi. Òòyì kọ́ mi, mo jókòó gbì sórí láfún tútù. Láìpẹ́, ojú mi padà sípò.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Ọdún mẹ́rin rèé tí ibà ti mú èkejì mi, Táyé, lọ. A kì í sọ pé ìbejì kú. Màámi ní ó lọ sọ́jà. Nígbà tí òòyì tún kọ́ mi, Màámi ní, "Táyé ló ń pè ọ́. Àárò rẹ ló ń sọ ọ́." Ó se ẹ̀wà ìbejì, ó bu ti Táyé sọ́tọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mí sílẹ̀. Ká sòótọ́, n kò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀. Bí nǹkan bá ti di méjì, mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ mi bóyá mo máa rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe irú ẹ̀ o.

Ọjọ́ tí ahọ́n mi wúwo, tí n kò lè pe Ràfíù ọmọ mi geere, ni ọkọ mi gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ga kọjá ààlà, ni wọ́n bá ní ká máa lọ sí Ìbàdàn. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìpàkọ́ ń fọ́ mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí àti ọrùn mi.

Dókítà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan, ní iṣan méjì ló ń gba ẹ̀yìn ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Ti apá ọ̀tún mi tín-ín-rín bí òwú láti inú oyún. Kì í ṣe àrùn. Ẹlòmíì ní i tí kò ní mọ̀ láéláé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wàhálà sílẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹ̀yìn ọpọlọ mi tó mọ́, ni òòyì fi ń kọ́ mi, tí nǹkan fi ń di méjì.

Mo bi í pé, "Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́ ti ọ̀tún yẹn?"

"Èkejì rẹ̀ tó wà lápá òsì ni, Màmá Ràfíù. Òun nìkan ló ń ṣe é láti ọjọ́ tí ẹ ti dáyé."

Mo sunkún. Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, àmọ́ ohun tó dùn mí ni pé Táyé kò pè mí rárá.

Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, pẹ̀lú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. N kò fi orí ru ẹrù mọ́. Bárò ni mo fi ń ti láfún lọ sọ́jà. Ó ti lé lọ́dún kan, ewúrẹ́ kan ṣì ń jẹ́ ewúrẹ́ kan. Nígbà míì mo máa ń fọwọ́ kan ọrùn mi lápá òsì, mo ń kí iṣan tí ẹnikẹ́ni kò kí rí pé ó kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màámi tún se ẹ̀wà, ó bù ú sí abọ́ méjì. Mo jẹ tèmi tán. Mo wá fa ti Táyé mọ́ra, mo bá a jẹ ẹ́.