Ọ̀gá Sójà Tó Di Ọwọ́ Mi Mú Lórí Àga Eyín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí ní Douala, ní Kamẹrúùnù, nígbà wàhálà ilẹ̀ Bakassi tí wọ́n ń bá Nàìjíríà dù. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ eyín ò léwu, wọn ò tíì rí nǹkan!

Ẹ̀yin tẹ wà níbẹ̀ mọ bí ìlú ṣe rí nígbà náà. Bí rédíò bá ti dárúkọ Bakassi, àwa ọmọ Nàìjíríà á rẹ ohùn wa sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ta aṣọ lọ́jà Mboppi á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì. Nínú táksí, Faransé nìkan là ń sọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè òun ní Ndokoti, kí wọ́n wá máa bi í ní carte de séjour, ìwé ìgbélùú?

Dókítà eyín ni mí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kotto. Bísí ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Douala. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Faransé ló fi ń dáni lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá sójà Kamẹrúùnù kan wọlé. Àwọn sójà méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà dè é pẹ̀lú ìbọn. Mo ti wọn ẹnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíríìjì rẹ̀ sì ti dé: eyín àtọwọ́dá mẹ́ta tó so pọ̀, tí a máa ń fi símẹ́ńtì eyín lẹ̀ mọ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo. Ó ní ọjọ́ yẹn náà ni mo gbọ́dọ̀ bá òun fi sí i, torí ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá òun ní Douala. Mi ò béèrè ibi tó ń lọ. Ṣé ó yẹ kí n béèrè ni?

Mo kọ́kọ́ dán an wò láìfi símẹ́ńtì sí i. Ó jókòó dáadáa. Mo nu eyín rẹ̀ gbẹ, Bísí po símẹ́ńtì, mo ti bíríìjì wọlé, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà! Símẹ́ńtì yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí bíríìjì ò bá wọlé tán kó tó le, ó parí nìyẹn.

Àfi bí rédíò tó wà nínú yàrá ṣe sọ pé ìbọn ti tún dún ní Bakassi. Ọ̀gá yìí yí orí pìrì. Ìka mi yọ̀.

Mo fi irin tín-ínrín yẹ etí bíríìjì wò. Àlàfo! Irin náà ń wọlé. Apá kan ti gbé sókè.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ bá ṣe? Ọkàn kan ní kí n dákẹ́, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bọ̀: kò ní lè jẹun láìsí ìrora, itọ́ á máa gba àlàfo yẹn wọlé, eyín tó wà nísàlẹ̀ á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ó sì ti jókòó sórí àga mi, ó ti di aláìsàn mi.

Mo fà á yọ. Ó kígbe. Nínú ìpayà, Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu mi: "Bísí, po òmíràn, kíá!"

Ọ̀gá náà di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"C'est quelle langue, ça?" Èdè wo nìyẹn?

Àwọn sójà méjèèjì ti wọlé. Bísí ti po símẹ́ńtì míràn sórí gíláàsì. Mo ń wo símẹ́ńtì náà bó ṣe ń le lójú mi.

Ṣé kí n purọ́ ni? Mo ní Yorùbá ni, pé ọmọ Ìbàdàn ni mí, ní Nàìjíríà. Mo ní bíríìjì náà ò jókòó, pé tí mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á dà á láàmú níbi tí kò ti ní rí dókítà.

Ó wò mí, ó wò mí. Nígbà tó yá, ó ju ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ní káwọn sójà rẹ̀ jáde, ó wá la ẹnu.

Símẹ́ńtì ọwọ́ Bísí ti le, ó di dandan kó tún òmíràn po. Mo nu inú bíríìjì mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo fi èkejì tẹ bíríìjì títí mo fi mọ̀ ọ́n lára pé ó délẹ̀. Mo yára yẹ etí bíríìjì náà wò: irin ò rí ibi wọ̀. Mo ní kó fi eyín di òwú mú, kó má mira. Kò mira lóòótọ́. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nígbà tó dìde, kò dúpẹ́. Ó kàn béèrè bóyá mo ní ẹbí ní etí òkun Bakassi lọ́hùn-ún. Mo ní rárá.

Ó ní, "Tant mieux." Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ibi tó ń lọ yé mi.

Ó pẹ́ gan-an kó tó padà wá. Òun nìkan ló wá, ó ti rù. Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò, bíríìjì dúró digbí. Mo ní kó máa lọ, kò dìde. Ó ní òun gbọ́ èdè mi lọ́hùn-ún, lẹ́nu àwọn apẹja kan. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ ṣáá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó dé fìlà, ó jáde. Mi ò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Títí dòní, mi ò mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: iṣẹ́ tó bá wọ́ lójú rẹ, tún un ṣe kó tó le, bí ọkàn rẹ tiẹ̀ ń já. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì fi eyín sí lẹ́nu, tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ga ju èyí tó kù lọ, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lórí àga.

Ẹ̀yin tẹ gbé Douala láyé ìgbà yẹn, ṣé èdè ẹnu yín ti tú àṣírí yín rí? Ẹ bá mi sọ ọ́ o, mò ń kà á.