Èèkàn Ọ̀nà Omi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ tí wọn kò sì tíì hù padà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ní ìlú Oǹdó ni mo ti máa ń lo ìsinmi Àjíǹde. Àkúrẹ́ ni ilé wa. Awọnlẹ̀ ni bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, ó sì ti kọ́ mi pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe lórí ilẹ̀, kí ó tọ́, kí ó gún. Nítorí náà, ẹ má fojú ọmọdé lásán wò mí o. Ọmọ awọnlẹ̀ ni mí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Pápá kan wà lẹ́yìn ilé Yèyé, bí a ti ń pe ìyá àgbà náà. Gbogbo àdúgbò ló ni ín. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni àwa ọmọbìnrin ti ń ṣe ten-ten, igi àgbálùmọ̀ ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Èyí tó bá já bọ́ ni ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àgbálùmọ̀ lẹ́bàá títì lónìí, ẹ kò tíì jẹ ẹ́. Èyí tí a sáré bá, tí a fi etí aṣọ nù, tí oje rẹ̀ lẹ ètè mọ́ra wọn, òun ni àgbálùmọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé ní òdìkejì pápá náà. Àgbẹ̀ kòkó ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè lọ sóko mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àdúgbò fi lé e lọ́wọ́. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ń rọ̀ lọ́dún, tí oníkálùkù ń sá wọlé, òun á jáde. Á da ọ̀rá bo orí, á kó èèkàn dání, á máa tẹ̀lé àgbàrá káàkiri pápá. Ibi tí omi bá yà sí, á gún èèkàn kan síbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ á wá gbẹ́ gọ́tà gba ojú èèkàn náà, torí iyanrìn á ti dí ti èṣí, omi á sì gba ibẹ̀ lọ sódò láìba ohunkóhun jẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo jí lọ́jọ́ kejì òjò, mo rí àwọn èèkàn náà, inú mi kò dùn. Wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ. Wọ́n jìnnà sí igi àgbálùmọ̀, wọ́n yí i po, wọ́n tún ṣẹ́rí padà. Àánú bàbá ṣe mí, mo ní ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo bá mú okùn tí Yèyé fi ń fa omi kànga, mo nà án láti èèkàn àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, bí bàbá mi ti ń ṣe. Mo fa àwọn tó kù tu, mo sì tún gbogbo wọn gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ó dára lójú mi débi pé mo jókòó, mò ń wò ó.

Òtútù òjò ti dá bàbá dùbúlẹ̀, kò lè jáde lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ gọ́tà náà, wọ́n ń yọ̀ pé tọdún yìí rọrùn. Gbòǹgbò àgbálùmọ̀ méjì dí wọn lọ́nà, wọ́n gé méjèèjì.

Òjò kejì rọ̀ ní ọ̀sán. Omi já wọ gọ́tà mi, ó dé ìdí igi, ó gbẹ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ kó lọ. Igi náà wó tèsotèso. Yèyé ká ọwọ́ lérí. Àwọn ọmọdé ń sunkún, èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n tèmi yàtọ̀.

“Bàbá ti gbó jù,” ni gbogbo àdúgbò ń wí. Wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé bá jáni kulẹ̀, wọ́n á ní, “Èèkàn bàbá ni.”

Mo lọ bá a nínú ilé, mo jẹ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

“Mo ti mọ̀,” ni ó wí. “Èmi kì í gún èèkàn bẹ́ẹ̀. Okùn ló ń lọ tààrà, ọmọ mi. Omi kì í lọ tààrà.”

Mo ní kí ó bá mi sọ fún Yèyé. Ó ní, “Rárá. Ìwọ ni wàá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá gbà á.”

Ẹnu mi kò gbà á. Bàbá kú lọ́dún kẹta, èébú náà sì wà lórí rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Nísinsìnyí tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àdúgbò wa lápá Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan gbé àwòrán wá. Gọ́tà rẹ̀ gún régé, jangilọ́fà àwọn ọmọdé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká dúró de òjò.”

“Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ̀rọ la fi wọn ilẹ̀ náà.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ wọ̀n ọ́n.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rán wọn létí pé àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni ò ní í gbà fún un. Mo ní n kò ní í fọwọ́ sí ìwé kankan, wọ́n sì mọ̀ pé olórí líle ni mí. Nígbà tí òjò dé, gbogbo wa jáde tàwa ti agboòrùn. Ẹnjiníà ló kó èèkàn dání. Omi yà kúrò lójú ibi tí ó yàwòrán gọ́tà sí, ó sì gba àárín ibi tí jangilọ́fà ì bá wà, ó ń ru, ó ń hó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó.

“Màmá, ta ló kọ́ yín?”

Ẹnu mi gbà á lọ́jọ́ náà. Nínú òjò ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀. A sún jangilọ́fà sókè, gọ́tà sì ti wọ́ báyìí. Ayé ti yí padà, n kò sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ojú sánmà ni wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀ lóde òní, bàbá mi ì bá fò fáyọ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ níhìn-ín ni omi ń gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ilé ti kún orí pápá wa, oníkálùkù ti mọ ògiri tirẹ̀, ẹrẹ̀ òjò sì dé ìbàdí ògiri náà. Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń gbá fóònù rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Èèkàn bàbá ni fóònù yìí o!”

Mo dúró.

“Má wí bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi,” ni mo wí. “Èèkàn bàbá kò ṣìnà rí. Èmi ni mo fà á tu.”