Lẹ́ǹsì Bàbá Atẹdùrù

Kí nǹkan tó le koko nílùú ni Bàbá Dúrótoyè ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì nídìí dùrù. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ wọn ní Oǹdó. Àfi bí nǹkan funfun bíi kùrukùru ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ àti ìyàwó tuntun ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, bàbá ṣi nọ́ńbà orin kà, ló bá fi orin ìsìnkú pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ìyàwó figbe ta.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Mojísọ́lá, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú níbẹ̀. Dókítà Ọpẹ́olúwa ní òun máa yọ ohun tó funfun náà kúrò, òun á sì fi lẹ́ǹsì kékeré bí ìpẹ́ ẹja rọ́pò rẹ̀.

"Ọ̀kan wà tó ń rí òkèèrè àti ìtòsí pọ̀, àmọ́ ó wọ́n gan-an. Tí a bá fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ máa mú ọ̀kan: ṣé òkèèrè lẹ fẹ́ máa rí láìlo awò ojú ni, àbí ìwé ọwọ́ yín?"

"Òkèèrè ni," Mojísọ́lá dáhùn kíá. "Kí ọ̀kadà má baà gbá wọn."

Bàbá mirí. "Dókítà, ìwé orin mi ò sí lókèèrè, kò sì sí lọ́wọ́ mi. Ibí ló ń wà." Ó nawọ́ síwájú.

Dókítà fa téèpù jáde. "Ẹ jókòó dáadáa, sà. Ẹ ṣe bíi pé ẹ ń tẹ dùrù, kí n rí i."

Bàbá gbé ìka lé tábìlì, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Àwọn aláìsàn tó jókòó síta bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbè é. Dókítà wọn ibi tí ojú rẹ̀ wà dé ibi tí ìwé ì bá wà, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ibí gan-an la máa yan lẹ́ǹsì yín fún. Tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ ó máa lo awò."

"Àwọn ọlọ́kadà wá ńkọ́?" Mojísọ́lá béèrè.

"Ìgbà wo lo rí mi tí mò ń tẹ dùrù lójú títì?" Bàbá bi í.

Oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, bàbá jókòó sídìí dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ìwé. Àwọn àmì orin tó ti ń wọnú ara wọn látọdúnmọ́dún dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Létí ojú ìwé náà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé, "Rọra." Ó tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ni, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé dùrù. Kò rọra rárá, eré ni ẹgbẹ́ akọrin ń fi ohùn sá tẹ̀ lé e.