Àṣìṣe Tí Mo Ní Kí Ọmọ Mi Pa Rẹ́

Mi ò fẹ́ràn ọmọ Èkìtì yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín òun àti ọmọ mi obìnrin sí iṣẹ́ àṣekágbá kan náà ní yunifásítì. Ẹnu rẹ̀ mú jù. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ náà wà, nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní Git. Ohunkóhun tí ọ̀kan nínú wọn bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀, ètò náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti àkókò sílẹ̀, èkejì yóò sì rí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà síwájú àwọn olùkọ́, ọmọ mi ṣèèṣì pa abala kan rẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì kọjá kó tó mọ̀. Ó ní òun lè dá abala náà padà, àmọ́ àkọsílẹ̀ àṣìṣe náà kò ní kúrò.

"Pẹ̀lú orúkọ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Kí ọmọ yẹn lè rí ohun tí yóò fi ọ́ ṣẹ̀sín? Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

Ó ní ó ṣeé ṣe kí òun dá ètò náà padà sí bó ṣe wà kí àṣìṣe náà tó wọlé, àmọ́ wọn kì í ṣe é lórí iṣẹ́ tí ẹni méjì jọ ń ṣe. Mo dúró ti àga rẹ̀ títí ó fi ṣe é.

Láàárín wákàtí méjì yẹn, ọmọ Èkìtì náà ti fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ránṣẹ́. A ti pa á rẹ́ mọ́ àṣìṣe wa. Inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló kù tí ó lè wà. Ọmọ mi pè é.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," ló sọ. "Máa bọ̀."

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìjagun. Ó kí mi, kò fi ìjókòó lọ̀ mí.

"Ta ló ní kó ṣe é?"

"Èmi ni," mo wí.

"Ẹ ṣé, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin Ìjẹ̀bú kì í sọ nǹkan nù. Nǹkan tara yín ni wọ́n ní lọ́kàn."

Iṣẹ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó dá a padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ó kọ àlàyé sí àkọsílẹ̀ ètò náà: pé ọmọ mi ló pa iṣẹ́ òun rẹ́, àti aago tí ó ṣe é. Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, mà, bóyá mo ṣì í kọ."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá àṣìṣe kan ṣoṣo. Kò sí.