Wáyà tó já ní Challenge láàárọ̀ yìí



Ọkọ̀ ṣọ́jà àtijọ́ tí mò ń tún ṣe la fi ń fa típà oníyanrìn kan jáde nínú kòtò ní Challenge. Wáyà irin tí a so mọ́ típà wà níwájú ọkọ̀ ṣọ́jà yẹn, ẹ́ńjìnnì ló ń wé e. Tó bá ti fà le, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró nítòsí rẹ̀, torí tó bá já, bí àdá ló ń gé èèyàn.

Bàbá tó ni típà wá dúró ti wáyà yẹn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀."

Wọ́n ní, "O ò tíì kí mi, o ti ń lé mi. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀. Bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ báyìí ni wáyà já. Ó gba òkè ẹ̀yìn mi kọjá, ó gé bàbá lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn kúrò ní ọsibítù lọ́sàn-án yìí.

Gbogbo èèyàn ń sọ pé ẹ̀kọ́ ilé ló yọ mí. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn náà ni ò jẹ́ kí n fà wọ́n lápá kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa kí wọn ni, àbí ẹ máa tì wọ́n kúrò níbẹ̀?