Túùbù Tó Ń Mí fún Ẹja

Mo rántí ìgbà tí òkun wà ní pálọ̀ mi ní Itamaga, lórí tábìlì tí mo kàn ní ẹsẹ̀ mẹ́fà kí ó má bàa wó. Inú àpótí gíláàsì ló wà. Ẹja kékeré méjì ló ń gbé inú rẹ̀, wọ́n pupa bí epo, funfun sì yí wọn lára bí ẹni tó de ọ̀já. Ohun kẹta tó wà níbẹ̀ ni n kò tètè mọ orúkọ tí mo lè pè é. Ó jọ olú, ó jọ òkúta, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, a na ọwọ́ wẹ́wẹ́ sínú omi. Màdáámù mi, òyìnbó obìnrin kan tí mo ń wa mọ́tò fún ní Èkó, ló sọ fún mi pé ọmọ ìyá iyùn ni. Èmi tí mo rò pé iyùn kò ju ohun tí ọba ń fi sọ́rùn lọ, ẹnu yà mí.

Nígbà tí màdáámù fẹ́ lọ sí ìlú rẹ̀, ó ní òun yóò padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Nítorí pé èmi ni mo máa ń fún àwọn ẹja náà lóúnjẹ nígbà tó bá rìnrìn àjò, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Tọ́jú wọn. Bí mo bá dé tí mo bá wọn láàyè, iṣẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́." Ará òkè ni mí, ọmọ Ìwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá àti pálọ̀ ní Itamaga ni, oyún sì wà nínú ìyàwó mi. Ẹ ò rí i pé ẹja méjì àti òkúta kan ni mo gbójú lé. Ọjọ́ kẹta tí mo kó wọn dé, àwọn oníná mú iná lọ, nígbà tí wọ́n sì dá a padà, ó wọlé pẹ̀lú agbára, ó jó ẹ̀rọ tí màdáámù fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ikorodu.

Ẹni tí wọ́n júwe fún mi ni bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Lasunwon. Òkú fíríìjì ló fi ṣe ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àárín wọn ló ń jókòó sí, pákò kì í sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Mo gbé ẹ̀rọ tó jóná fún un, mo ń retí kí ó fi mí rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó sì bi mí pé, "Kí ni nǹkan yìí ń ṣe fún wọn?" Mo ní atẹ́gùn ló ń fẹ́ sínú omi kí wọ́n lè mí, kí ìdọ̀tí sì lè bá ìfófó jáde. Ó ní, "Èémí ni wọ́n ń wá nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Èémí ò wọ́n."

Mo ti rí àwọn tó kàwé dáadáa láti ìgbà náà, n kò tíì rí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ti bàbá yìí. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì tó ti kú ló tú, ó sọ ọ́ di ohun tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ó mú kí atẹ́gùn náà kọ́kọ́ gba inú ìgò tí ó ki òwú sí, kí òróró má bàa kán sí omi. Ó wá gbé páìpù fífẹ̀ kan nàró sínú omi, pé ibẹ̀ ni ìfófó yóò gbà gòkè, tí yóò máa da ìdọ̀tí sínú ife. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn náà ń jáde ní ńláńlá bí omi tó ń hó, ìfófó kò sì dìde. A fi kànrìnkàn dí i, a fi èédú dí i, kò gbà. Ọjọ́ kan ló yọ pákò ẹnu rẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó gé òmíràn tó gbẹ, ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àràárọ̀ ló sì ń tọ́ ọ wò títí tí kíkorò rẹ̀ fi tán. Nígbà tí a tì í bọ ẹnu rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wá, atẹ́gùn gba àárín òwú igi náà kọjá, ó ń jáde wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun. Mo hó yèè.

Ti iná tó ń lọ ńkọ́? Ó ra túùbù táyà lọ́rí tí wọ́n ti lẹ̀ káàkiri. Bí iná bá wà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fẹ́ ẹ títí á fi wú. Bí iná bá lọ, túùbù á máa tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba inú rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, èyí tó ní ohun tí a fi ń dín in kù. Ìdajì ọjọ́ ni túùbù yẹn lè fi máa mí fún ẹja. Àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ mi ń wá wò ó, èmi náà sì ń ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Iṣẹ́ omi nìkan ni Bàbá fi sílẹ̀ fún mi, òun náà ni mo sì bà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà. Mo lọ sí etí ọ̀sà, mo bu omi tọ́ wò, ó níyọ̀. Ó tán, mo ti rí òkun nítòsí! Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ni mo ń pọn ọ́n wálé láti fi pààrọ̀ omi ẹja. Iyùn náà kò tẹ́ ara rẹ̀ tán bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara dà á. Nígbà tí òjò dé, tó rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo tún pọn omi ọ̀sà bí mo ṣe ń ṣe, n kò sì tọ́ ọ wò mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ẹja fi lọ kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀, tí iyùn sì fà wọlé bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sáré lọ sí Lasunwon, mo sì sọ fún bàbá tó ti ń ṣe wàhálà nítorí mi láti oṣù mélòó kan pé pákò rẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, n kò sì ní ọgbọ́n kankan lọ́jọ́ náà.

Kò bínú. Ó bá mi délé, ó ti ìka bọ omi náà, ó lá a, ó mi orí. Ó ní, "Ahọ́n tèmi ti jẹ gáàsì jù. Bu díẹ̀ sínú ìgò, jẹ́ ká lọ bá ìyá mi."

Ẹ̀pẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ẹja ló ń yan tà láti ìgbà ọmọge. A bá a nídìí ààrò. Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó tọ́ omi náà wò, ó tu ú dànù.

"Níbo lo ti bu omi òjò yìí?"

"Omi ọ̀sà ni, Mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ará òkè! Ọ̀sà kì í dá jẹun. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ló ń bá jẹun. Bí òjò bá dé, odò ló ń bá jẹun. Omi odò lo ń fún ẹja òkun!" Ó ní òun yóò rán àwọn apẹja tó ń lọ sí etí òkun gan-an, wọ́n á máa pọn omi tòótọ́ wá. Ó wá wò mí. "Ẹ ò sì ní jẹ wọ́n?"

"Rárá, Mà."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe nílé yín?"

Mo ní, "Wọ́n kàn ń gbé ibẹ̀ ni, Mà."

Kí a tó kúrò, Bàbá tú òjé mélòó kan lára àwọ̀n tó ti gbó ní ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀. Ó kó o sínú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré, ó dé e pinpin, ó jẹ́ kí ó léfòó nínú omi òkun, ó sì fi òwú pupa dè é níbi tí omi dé. Láti ọjọ́ náà, bí òwú bá wọ omi, mo mọ̀ pé iyọ̀ kò tó. Àwọn kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ ẹlẹ́ja dé Garage Ikorodu. Mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i. Iyùn ti na ọwọ́ rẹ̀ tán, ẹja kan sì dùbúlẹ̀ sí àárín rẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún yípo. Dípò màdáámù, ìpè orí fóònù ni mo rí. Ó ní òun kò padà wá mọ́, kí n fún ẹni tó bá fẹ́ ní àwọn ẹja náà. Ó dùn mí wọra. Ojú tì mí láti lọ sọ fún Bàbá, ṣùgbọ́n mo lọ.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. A ṣe é lásán."

Ó ń jó páìpù fíríìjì kan pọ̀ lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní, "Ìyá mi ń bọ̀ ní Sátidé. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí nípa àwọn ẹja tí wọn ò ní jẹ."

Ìyá dé lóòótọ́. A gbé àga fún un síwájú gíláàsì. Ẹja kan lọ já oúnjẹ tí mo jù sí i, ó gbé e lọ fún èkejì nínú iyùn, àwọn méjèèjì sì fara ra á bí ọmọ tó ń fara ra ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyá ní, "Láti kékeré ni mo ti mọ ẹja. Àárín àwọ̀n sí ààrò ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé ilé wọn." Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ bá padà lọ, ó lọ láìsí Ìyá nínú rẹ̀. Kò dìde lórí àga. Bàbá dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò wo ẹja rárá, ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Mo rí iṣẹ́ mìíràn kí ọdún náà tó parí. Àwọn ẹja náà pẹ́ láyé ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n sì ti lọ báyìí, Ìyá ti lọ, Bàbá náà ti lọ. Ìgò abẹ́rẹ́ olówùú pupa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà mìíràn tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ni ẹja òkun wá ṣe ní pálọ̀ dírẹ́bà. Èsì tí mo fún Ìyá nídìí ààrò ni mo ṣì ń fún wọn, pé wọ́n kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Mo kàn máa ń fi kún un pé Bàbá onífíríìjì kan ní Lasunwon ló kọ́ ilé náà fún wọn.