Kò Sí Gọ́tà Nínú Máàpù

Bọ̀dá Bashiru, ẹ̀gbọ́n mi, kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń béèrè ọ̀nà ní Port Harcourt ti fi ara rẹ̀ hàn ní àlejò, wọn á sì rẹ́ ẹ jẹ. Takisí rẹ̀ kò kúkú kọjá Mile 3 sí Town. Bó bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn báyìí, á dà bí ewúrẹ́ tó sọnù.

Nígbà tí Dayọ̀, àgùnbánirọ̀ tó ń gbé nínú ilé wa, fẹ́ padà sílé, ó fún Bọ̀dá ní máàpù ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi po ògì, ó fi lẹ máàpù náà mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, ní ọ̀gangan ojú rẹ̀ gan-an.

Mo ní, "Bọ̀dá, ibo lẹ ó ti máa rí títì?"

"Memunat, títì wà nínú ẹ̀. Kí ni mo tún ń wò níta?"

Inú bí mi, àmọ́ ta ló tó sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kò mọ ọkọ̀ wà?

Kò pẹ́ sí i ni Serifat ọmọ rẹ̀ bí ọmọbìnrin ní Rumuibekwe, níbi tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn lọ. Bọ̀dá fẹ́ kí ọmọ náà jẹ́ Àkànkẹ́, orúkọ ìyá wa tó fi àgbàdo sísun tọ́ wa. Àwọn àna sì ti ránṣẹ́ pé kí oòrùn tó mú làwọn ó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá pẹ́, oúnjẹ nìkan ló máa bá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, Alfa Àkíbù tó fẹ́ bá wa ṣàdúrà níbẹ̀ jókòó níwájú, wọ́n fi èmi àti àgbò sẹ́yìn. Ọwọ́ kan Bọ̀dá wà lórí sítíárì, ìka ọwọ́ kejì ń rìn lórí máàpù.

"Rumuokwuta rèé!" ló wí. Gbàà! A ti wà nínú gọ́tà. Àgbò jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, fìlà Alfa sì gba ojú fèrèsé jáde. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó ṣèṣe.

Bọ̀dá kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Máàpù ló tún ń wò. "Kò sí gọ́tà níbí! Ẹ wá wò ó, Alfa, kò sí gọ́tà nínú máàpù!"

Àwọn mẹkáníìkì sáré dé. "Oga, you no see gutter?"

"E no dey for map!"

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé ọkọ̀. Alfa na ọwọ́, ó fa máàpù ya.

"Bashiru, Ọlọ́run fún ọ lójú méjì, o wá fi bébà bò ó. Abéèrè kì í ṣìnà. Bọ́ sílẹ̀!"

Mo rò pé ìjà ni. Àmọ́ oòrùn ti ń mú, mo sì rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó rìn lọ bá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eunice, tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì.

"Abeg, madam. Rumuibekwe. I no sabi road."

"Na so you for talk since! Dey go straight, reach junction, ask again. Nobody go bite you, Papa."

Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ jáde tán, gbogbo ìkóríta ló ti béèrè.

Nígbà tí a débẹ̀, oòrùn ti wà lágbede méjì ọ̀run, ojú àwọn àna sì le koko. Serifat ti gbọ́mọ wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn mọ́rí: bí bàbá òun kò bá dé, ọmọ òun kò ní jẹ́ orúkọ kankan. Ohùn Bọ̀dá ló gbọ́ tó fi ṣílẹ̀kùn. Bọ̀dá gba ọmọ, omijé ń bọ́ sí i láyà.

"Àkànkẹ́," ó ní, "bí o kò bá mọ ọ̀nà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó tì ọ́ lójú láti béèrè."

Àwọn àna wo ara wọn lójú. Àmín tí èmi àti Alfa ṣe ló jí ọmọ.